Ara Ta Ni A Ó Fi Kọ́ṣẹ́?

Kò sí iṣẹ́ ọwọ́ kan tí a kì í fi ìbàjẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá sọ pé láti ọjọ́ tí òun ti kọ́kọ́ mú ọ̀bẹ tàbí abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ ni òun ti mọ̀ ọ́n lò, irọ́ ni ó ń pa. Ọmọ tí ó ń kọ́ iṣẹ́ aránṣọ yóò kọ́kọ́ gé bébà àpò sìmẹ́ńtì ní ìgékúgèé kí ọ̀gá rẹ̀ tó jẹ́ kí ó fọwọ́ kan áńkárá oníbàárà. Ọmọ agbẹ́gilére yóò ba igi jẹ́. Ọmọ amọ̀kòkò yóò mọ ìkòkò tí ẹnu rẹ̀ wọ́, wọn yóò fọ́ ọ, wọn yóò sì tún amọ̀ rẹ̀ pò. Bébà kì í sunkún, igi kì í kígbe, amọ̀ kì í ṣẹ̀jẹ̀. Ìdí nìyí tí kò fi sí ẹni tí ó ń bi ọ̀gá aránṣọ léèrè pé kí ni ẹ̀ṣẹ̀ ohun tí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ bà jẹ́.

Ṣùgbọ́n àwọn iṣẹ́ kan wà tí ó jẹ́ pé ara ohun ẹlẹ́mìí ni a ti ń ṣe wọ́n. Onígbàjámọ̀ ń fi abẹ fá orí ènìyàn. Olóólà ń fi abẹ kọ ilà. Oníṣẹ́ abẹ ní ilé ìwòsàn ń la inú aláìsàn. Gbogbo àwọn wọ̀nyí ni ó ti jẹ́ ọ̀gbẹ̀rì rí. Ara ta ni wọ́n fi kọ́ṣẹ́? Bí ọ̀bẹ ti wù kí ó mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ kò sì lè la inú ara rẹ̀ láti fi mọ bí a ti ń la inú. Ẹlòmíràn ni yóò san owó ẹ̀kọ́ náà, ara ni yóò sì fi san án.

Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò, mo sì fẹ́ gbé e yẹ̀ wò lọ́dọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ẹran, nítorí pé lọ́dọ̀ wọn ni ó ti le jù lọ. Aláìsàn tí ó jẹ́ ènìyàn lè béèrè ẹni tí yóò gé òun. Ó lè fọwọ́ sí ìwé, ó sì lè kọ̀. Ewúrẹ́ kò lè ṣe ọ̀kan nínú méjèèjì. Ohun tí ó sì tún mú ọ̀rọ̀ náà díjú ni pé ìran ewúrẹ́ ni akẹ́kọ̀ọ́ náà fẹ́ máa wò sàn ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, ewúrẹ́ náà ni ó sì ń gé kí ó tó mọ bí a ti ń wò ó sàn.

Èmi kì í ṣe dókítà ẹran. Ọ̀rọ̀ èdè àti àṣà ni iṣẹ́ tèmi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí ọ̀dọ̀ àwọn dókítà. Ó kan ẹni tí ó ń sin ẹran, ó kan ẹni tí ó ń jẹ ẹran, ó sì kan ẹni tí ó rán ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Mo ní ọ̀rẹ́ kan, àbúrò ni ó jẹ́ sí mi, tí ó ti pẹ́ nídìí kíkọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ abẹ ẹran. Mo ti jókòó tì í níbi tí ó ti ń kọ́ wọn, àríyànjiyàn tí èmi pẹ̀lú rẹ̀ sì ti ṣe lórí ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Púpọ̀ nínú ohun tí mo mọ̀ nípa iṣẹ́ náà, lẹ́nu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ. Ibi tí mo wá gbé ọ̀rọ̀ náà gúnlẹ̀ sí, tèmi ni.

Ẹni tí kò bá sún mọ́ iṣẹ́ abẹ lè rò pé lílà gan-an ni ó ṣòro. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ohun tí ó kéré lójú ni ó ń gba oṣù mélòó kan lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Yóò kọ́ bí a ti ń fọ ọwọ́: láti orí ìka wá sí ìgúnpá, ọwọ́ yóò sì wà lókè kí omi má baà ṣàn padà sí ìka. Yóò kọ́ pé bí òun bá ti wọ ìbọ̀wọ́ tán, bí imú ń yún òun, kí ó máa yún. Yóò kọ́ bí a ti ń mú abẹ: nígbà mìíràn bí ẹni tí ó mú gègé ìkọ̀wé, nígbà mìíràn bí ẹni tí ó di ọrun gòjé mú. Abẹ́rẹ́ iṣẹ́ náà tẹ̀ bí ìwọ̀; ẹ̀mú kékeré ni a fi ń mú un, ọrùn ọwọ́ ni ó sì gbọ́dọ̀ yí tẹ̀ lé títẹ̀ abẹ́rẹ́, nítorí pé bí a bá tì í lọ tààrà, yóò ya ẹran ara. A kì í nu ẹ̀jẹ̀ ojú ọgbẹ́ bí ẹni tí ń nu tábìlì. Ńṣe ni a máa ń fi aṣọ tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, kí ẹ̀jẹ̀ tí ó ti dì má baà tún ṣí.

Nípa kókó ni ọ̀rọ̀ pọ̀ jù sí. Bí a bá ta kókó àkọ́kọ́ tán, tí a tún ta èkejì sí apá kan náà, kókó náà yóò máa yọ̀. A ní láti yí ọwọ́ padà kí èkejì gba òdìkejì, kí àwọn méjèèjì dì mọ́ra. Ohun tí ọmọdé lè kọ́ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ lára okùn bàtà ni, ṣùgbọ́n ẹ̀mí wà nídìí rẹ̀. Nígbà tí a bá ń yọ ilé-ọmọ abo ajá kí ó má baà bímọ mọ́, a ní láti so iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ó lọ síbi ẹyin rẹ̀ kí a tó gé e. Bí kókó yẹn bá yọ̀ lẹ́yìn tí a ti rán inú pa, kò sí ẹni tí yóò rí ẹ̀jẹ̀ nílẹ̀. Inú ni ajá náà yóò máa ṣẹ̀jẹ̀ sí, yóò sì kú sórí ẹní tí wọ́n tẹ́ ẹ sí, níbi tí gbogbo ènìyàn ti rò pé oorun ni ó ń sùn. Ẹ ò rí i pé kókó òwú lè di ọ̀rọ̀ ìwà ọmọlúàbí.

Báwo ni wọ́n ṣe ń kọ́ni ní irú nǹkan báyìí láyé àtijọ́? Ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ẹran tí ó kọ́kọ́ wà ní ilẹ̀ Yúróòpù ni èyí tí Claude Bourgelat dá sílẹ̀ ní ìlú Lyon ní ilẹ̀ Faransé ní 1761. Kò pẹ́ tí wọ́n fi dá òmíràn sílẹ̀ ní Alfort, lẹ́bàá Paris. Ní Alfort yìí, ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ẹṣin tí ó ti gbó, tí kò lè fa kẹ̀kẹ́ ẹrù mọ́, ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kọ́ṣẹ́. Wọn yóò so ẹṣin kan mọ́lẹ̀ láàyè, èyí yóò gé e níwájú, tọ̀hún yóò gé e lẹ́yìn, wọn yóò sì ṣe oríṣiríṣi iṣẹ́ abẹ lára rẹ̀ ní ọjọ́ kan ṣoṣo títí tí ẹ̀mí yóò fi bọ́. Oògùn oorun kò sí nígbà náà. Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹwàá, 1846, ni William Morton fi éétà kun aláìsàn lóorun lójú gbogbo ènìyàn ní ilé ìwòsàn kan ní Boston, tí ayé sì mọ̀ pé a lè gé ènìyàn kí ó má mọ̀. Ohun tí ó dunni ni pé lẹ́yìn ọdún yìí pàápàá, ìwà náà kò tán ní Alfort. Ní àwọn ọdún 1860, àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń pariwo lé e lórí.

Àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò sì fi mọ sórí ariwo. Ní 1876, ilé aṣòfin wọn ṣe òfin kan lórí fífi ẹran ààyè ṣe àyẹ̀wò. Lára ohun tí òfin náà sọ ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé ẹran ààyè kìkì nítorí kí ọwọ́ òun lè mọ iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí á ronú lórí gbólóhùn yìí dáadáa. Òfin náà gbà pé a lè fi ẹran wá ìmọ̀ tí kò sí láyé rí, bí a bá gba ìyọ̀ǹda. Ṣùgbọ́n kò gbà pé a lè fi í kọ́ ọwọ́ ohun tí ọwọ́ ẹlòmíràn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Òfin yìí wà títí di 1986 tí òfin tuntun fi rọ́pò rẹ̀. Láàárín àádọ́fà ọdún yẹn, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ṣe aláìní dókítà ẹran. Ara òkú ẹran àti ara ẹran aláìsàn tí olówó rẹ̀ gbé wá fún ìtọ́jú, lábẹ́ ojú ọ̀gá, ni wọ́n ti kọ́ ọ.

Ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni ní ìṣègùn ẹran ní 1963. Láti ìgbà náà, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ sí i ní Nàìjíríà. Oògùn oorun wà, kò sì sí olùkọ́ tí orí rẹ̀ pé tí yóò jẹ́ kí a gé ẹran lójú ayé. Nítorí náà, ìbéèrè tiwa kì í ṣe ìbéèrè Alfort. Ìbéèrè tiwa ni pé: bí ewúrẹ́ tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá bá sùn, tí kò mọ nǹkan kan, ǹjẹ́ a lè la inú rẹ̀ kí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi mọ inú lílà? Lẹ́yìn tí a bá sì là á tán, ṣé kí á má jí i mọ́ ni, àbí kí á jí i, kí ó jinná, kí á tún la á ní oṣù tí ń bọ̀?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò rẹ́rìn-ín sí ìbéèrè yìí, mo sì mọ ohun tí yóò pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Wọn yóò ní, ewúrẹ́ tí a ó pa jẹ lọ́la, kí ló dé tí a kò ní fi kọ́ṣẹ́ lónìí? Èdè wa pàápàá dà bí ẹni pé ó ti dá ẹjọ́ náà. Ẹran ni a ń pe èyí tí ó ń rìn ní àgbàlá, ẹran náà ni a ń pe èyí tí ó wà nínú ọbẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ èdè àwọn aláwọ̀ funfun, ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Yorùbá kò fi bò pé ohun tí òun ń tọ́jú ni òun ń jẹ.

Ṣùgbọ́n kí á má gbàgbé ọ̀rọ̀ kejì tí ó ń bá ti àkọ́kọ́ rìn. A ní a ń sin ẹran. Ọ̀rọ̀ kan náà ni a fi ń sọ pé a ń sin ọba, pé a sì ń sin Olúwa. Ẹni tí ó bá ń sin ewúrẹ́ ni ó ń jí ní kùtùkùtù gé ewé fún un, ni ó ń kó o wọlé bí òjò bá ṣú. Ìránṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó tó di ẹni tí yóò pa á. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ kìn-ín-ní tí kò gbọ́ èkejì kò tíì gbọ́ ohun tí Yorùbá sọ nípa ẹran.

Lọ́nà kejì, pípa pàápàá ní òfin. Ẹ wo bí a ti ń pa àgbò ní ọjọ́ Iléyá: ọ̀bẹ gbọ́dọ̀ mú, a kò gbọdọ̀ pọ́n ọn lójú ẹran náà, ẹ̀ẹ̀kan ni a sì gbọ́dọ̀ ṣe é parí. Ẹni tí ó bá ń fi ọ̀bẹ kíkú rẹ́ ẹran lọ́rùn, àwọn tí ó dúró tì í yóò kígbe mọ́ ọn, wọn yóò sì gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ọlọ́dẹ wa ń pa ẹran, síbẹ̀ wọ́n ń fi ìjálá ki ẹran tí wọ́n ń pa. Èyí fi hàn pé ẹ̀tọ́ láti pa ẹran kì í ṣe ẹ̀tọ́ láti ṣe é bí ó bá ti wù wá. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ alápatà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ikú, mélòó mélòó ni kí ó rí bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìyè?

Wọ́n tún lè sọ pé ẹran kò mọ ìrora bí ènìyàn ti mọ̀ ọ́n, nítorí pé lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ewúrẹ́ a dìde, a sì máa jẹ koríko. Ìdáhùn tí àwọn baba wa fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni pé adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ kí á mọ̀. Ẹran tí ó jẹ́ pé ẹranko mìíràn ń pa jẹ kì í fi àìlera hàn, nítorí pé èyí tí ó bá fi í hàn ni apẹranjẹ yóò kọ́kọ́ mú. Ìdákẹ́jẹ́ ewúrẹ́ kì í ṣe ẹ̀rí pé kò dùn ún. Dókítà tí kò bá mọ èyí kò ní fún un ní oògùn ìrora ní ọjọ́ kejì, nígbà tí oògùn oorun bá ti kúrò lójú rẹ̀.

Títí dé ibí yìí, ọ̀rọ̀ náà dà bí èyí tí ó rọrùn. Ọ̀rẹ́ mi ni kò jẹ́ kí ó rọrùn. Nígbà tí mo sọ fún un pé kí ó jáwọ́ pátápátá nínú fífi ẹran ààyè kọ́ni, ó dá mi lóhùn pé: “Ẹ̀gbọ́n, bí ọmọ yìí kò bá rí kí iṣan já, kí ẹ̀jẹ̀ tú sí i lójú, níbi tí mo ti wà lẹ́yìn rẹ̀, ọjọ́ tí yóò kọ́kọ́ rí i ni ọjọ́ tí yóò wà ní abúlé, lábẹ́ igi, tí kò ní sí ẹnìkan lẹ́yìn rẹ̀. Ewúrẹ́ kan ṣoṣo tí opó kan ní ni yóò sì wà níwájú rẹ̀, tí ọmọ há sí i nínú. Ṣé ara ewúrẹ́ opó yẹn ni ẹ fẹ́ kí ó ti kọ́ ọ?”

Mo ka ọ̀rọ̀ yìí sí ọ̀rọ̀ tí ó lágbára jù lọ nínú gbogbo ohun tí àwọn tí ó ń ti irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn lè sọ. Kò sọ pé ẹran kò jámọ́ nǹkan. Ohun tí ó sọ ni pé owó ẹ̀kọ́ kò ṣeé yẹ̀. Bí a kò bá jẹ́ kí ewúrẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ san án, ewúrẹ́ opó ni yóò san án, opó yóò sì bá a san nínú rẹ̀. Àánú tí ó bá gba ẹran tí ó wà lójú wa sílẹ̀, tí ó sì fi èyí tí ó wà ní abúlé ha, àánú ojú lásán ni.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ní àlàfo kan. Ó dà bí ẹni pé nǹkan méjì péré ni ó wà láàárín bébà àti ewúrẹ́ ààyè: kí á gé e tàbí kí á má gé e. Bẹ́ẹ̀ sì ni àtẹ̀gùn púpọ̀ ni ó wà láàárín wọn. Ní 1959, àwọn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì, Russell àti Burch, kọ ìwé kan tí ó ti di òpó fún gbogbo ẹni tí ń fi ẹran ṣe ẹ̀kọ́ tàbí àyẹ̀wò. Ìmọ̀ràn mẹ́ta ni wọ́n gbà wá: bí a bá lè fi ohun tí kò lẹ́mìí rọ́pò ẹran, kí á fi rọ́pò rẹ̀; bí kò bá ṣeé ṣe, kí á dín iye ẹran kù; àwọn tí ó bá sì kù, kí á ṣe ohun tí a fẹ́ ṣe fún wọn ní ọ̀nà tí ìrora yóò fi kéré jù lọ.

Ẹ jẹ́ kí á gun àtẹ̀gùn náà. Kókó títa kò nílò ẹran kankan. Okùn àti ẹsẹ̀ àga ti tó. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìwọ̀n agbára tí a fi ń tẹ abẹ, kí ó mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, kí ó la èèpo rẹ̀ láìkan inú rẹ̀, kí ó sì rán an padà. Bí èyí bá ti mọ́ ọn lọ́wọ́, kí ó lọ sọ́dọ̀ àwọn alápatà: ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ fún awọ rírán, ìfun àti ilé-ọmọ màlúù fún àwọn iṣẹ́ inú. Ẹran tí ẹlòmíràn ti pa fún jíjẹ ni, akẹ́kọ̀ọ́ kò fi ikú tuntun kún ti tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni òkú odindi ẹran, èyí tí àìsàn pa tí olówó rẹ̀ yọ̀ǹda. Àwọn kan tilẹ̀ ń fi ẹ̀rọ ti omi pupa gba inú iṣan òkú ẹran, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè rí i bí ẹ̀jẹ̀ ti ń tú. Ẹni tí ó bá sọ pé òṣì kò jẹ́ kí a lè ṣe èyí, kí ó ṣírò iye tí a fi ń ra ewúrẹ́ kan kí ó tó sọ ọ́. Èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò wọ́n ní ìlú kankan ní ilẹ̀ Yorùbá.

Orí àtẹ̀gùn tí ó gbẹ̀yìn ni ẹran ààyè. Ọ̀rẹ́ mi jàre pé kò sí bí a ti lè fò ó. Ṣùgbọ́n ẹran ààyè wo? Ní àwọn ọdún 1980, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Amẹ́ríkà kọ̀ láti gé ajá tí ara rẹ̀ dá tí wọ́n kò ní jí mọ́. Díẹ̀díẹ̀, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí àwọn ilé tí a ti ń tọ́jú ajá àti ológbò tí kò ní olówó. Wọ́n ń yọ ilé-ọmọ wọn tàbí kórópọ̀n wọn kí wọ́n má baà máa bímọ sígboro, ajá náà yóò jí, yóò jinná, ẹnìkan yóò sì mú un lọ sílé. Ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kọ́ṣẹ́, ajá náà sì rí ilé gbé. Ajá tí ń rìn kiri pọ̀ ní ìgboro wa, dìgbòlugi sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Òbúkọ tí ó yẹ kí a tẹ̀ lọ́dàá pọ̀ ní abúlé. Iṣẹ́ tí ó ṣe ẹran àti olówó rẹ̀ ní àǹfààní kò wọ́n wa. Ètò ni ó wọ́n wa.

Níbí ni mo fẹ́ fa ààlà kan sí. Ó rọrùn láti sọ pé kí á máa ṣe ìtọ́jú ọ̀fẹ́ fún ẹran àwọn tálákà, kí akẹ́kọ̀ọ́ sì máa fi kọ́ṣẹ́. Bí a kò bá ṣọ́ra, ewúrẹ́ opó náà ni a tún padà sídìí rẹ̀ yẹn. Ajá ọlọ́lá ni ọ̀gá yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé; ajá mẹ̀kúnnù ni yóò di bébà sìmẹ́ńtì. Orí yéye ní Mògún, tàìṣẹ̀ ló pọ̀. Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo rí tí kò gbọdọ̀ yẹ̀. Èkíní, akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá tíì gun àwọn àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀ tán kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ohun ẹlẹ́mìí. Èkejì, ọwọ́ ọ̀gá gbọ́dọ̀ wà nítòsí ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ débi tí ó lè gba abẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ̀ẹ̀kan tó di ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹ̀kẹta, a gbọ́dọ̀ sọ fún olówó ẹran, ní èdè tí ó gbọ́, pé akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò ṣe é, bí ó bá sì kọ̀, kí a má fi ìtọ́jú dù ú.

Ohun tí ó wà lẹ́yìn àwọn òfin mẹ́ta yìí kì í ṣe àjèjì sí Yorùbá. Àwa ni a mọ ohun tí ń jẹ́ ẹran àgbàsìn. Bí mo bá ní abo ewúrẹ́ tí n kò ráyè tọ́jú, mo lè gbé e fún aládùúgbò kí ó bá mi sìn ín. Bí ó bá bímọ, a ó pín in. Ewúrẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń jẹun lọ́wọ́ rẹ̀, ọmọ rẹ̀ ń sọ ọ́ di olówó ẹran. Síbẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Bí nǹkan bá ṣe é, òun ni yóò wá ròyìn rẹ̀ fún mi, kò sì ní sùn dáadáa títí tí yóò fi rò ó tán. Alágbàsìn lè jèrè lára ẹran àgbàsìn, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ ná an ní ìnákúnàá.

Èrò tèmi ni pé àgbàsìn ni gbogbo ara ààyè tí a bá gbé fún akẹ́kọ̀ọ́. Kì í ṣe ohun èlò ilé-ẹ̀kọ́ bí àga àti ṣọ́ọ̀kì, bí ilé-ẹ̀kọ́ tilẹ̀ fi owó rà á. Ó lè jèrè ẹ̀kọ́ lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ròyìn rẹ̀. Mo ti ṣàkíyèsí pé ajá tí ó wà nílé ènìyàn a máa ní orúkọ. Yorùbá a tilẹ̀ máa fi orúkọ ajá pòwe fún aládùúgbò, a ó pe ajá ní Tańtólọ́run. Ewúrẹ́ inú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ kò ní orúkọ, nọ́ńbà ni ó ní. Kò sí ẹni tí ń ròyìn ikú nọ́ńbà fún ẹnikẹ́ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n bá ní kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ewúrẹ́ báyìí, òun ni mo là, báyìí ni ó ṣe jí, báyìí ni ó ṣe jẹun lọ́jọ́ kẹta, ti di alágbàsìn. Bí ó bá kú, yóò mọ̀ pé òun ní ìròyìn tí òun gbọ́dọ̀ rò.

Wọ́n lè bi mí pé kí ni ìyọ́nú kan iṣẹ́ ọwọ́? Ṣé ìyọ́nú ni yóò di kókó? William Halsted, tí ó jẹ́ ọ̀gá oníṣẹ́ abẹ ní Johns Hopkins ní Baltimore, tí ó sì kú ní 1922, ló fi ìlànà lélẹ̀ tí wọ́n ṣì fi ń kọ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ títí di òní, ti ènìyàn àti ti ẹran. Lára rẹ̀ ni pé kí á máa fi pẹ̀lẹ́ mú ẹran ara, kí á dá ẹ̀jẹ̀ dúró dáadáa, kí á má sì fi ipá fa ojú ọgbẹ́ pọ̀. Ẹran ara tí a bá fi ẹ̀mú tẹ̀ ní àtẹ̀jù yóò kú, yóò sì rà. Awọ tí a bá rán le jù yóò wú lọ́jọ́ kejì, òwú yóò sì gé e. Nígbà tí ọ̀rẹ́ mi ń ṣàlàyé èyí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, òwe wa ni ó wá sí mi lọ́kàn pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Mo wá rí i pé ìyọ́nú kì í ṣe ohun tí a ń bu lé iṣẹ́ náà lórí bí iyọ̀. Òun gan-an ni iṣẹ́ náà. Ọwọ́ tí kò bá ro ti ara tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ kò lè rán an kí ó jinná.

Nítorí èyí ni ẹ̀rù fi ń bà mí nípa ẹ̀kọ́ tí ó bá sọ ọkàn akẹ́kọ̀ọ́ di òkúta. Ọ̀dọ́ púpọ̀ ni ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ẹran nítorí pé wọ́n fẹ́ràn ẹran láti kékeré. Bí ọwọ́ wọn bá wá ń gbọ̀n ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí a ní kí wọ́n gé, tí a sì fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọ́n rọ̀ jù, ohun tí ó gbé wọn wá gan-an ni a ń lé jáde lára wọn. Àwọn àgbà ní ẹni tí yóò fi igi gún ọmọ ẹyẹ, kí ó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò, kí ó tó mọ bí ó ti ń dùn. Ọwọ́ tí ó gbọ̀n yẹn ti fi igi gún ara rẹ̀ wò. Ó yẹ kí olùkọ́ kọ́ ọ kí ó dúró ṣinṣin láìgbàgbé ohun tí ó mú un gbọ̀n.

N kò sọ pé a ó dé ọjọ́ kan tí ẹran kankan kò ní san owó ẹ̀kọ́ wa. Ẹni tí ó bá ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀ ń tan ara rẹ̀ jẹ. Bí ọ̀gá tilẹ̀ dúró tì í, bí akẹ́kọ̀ọ́ tilẹ̀ ti gun gbogbo àtẹ̀gùn, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí kókó kan yóò yọ̀. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín gbèsè tí a mọ̀ pé a jẹ àti èyí tí a pè ní ọ̀fẹ́. Ẹni tí ó mọ̀ pé òun jẹ gbèsè yóò máa san án: yóò ta kókó rẹ̀ ní ìgbà ọgọ́rùn-ún lára ẹsẹ̀ àga kí ó tó ta á lára iṣan, yóò jí ní òru lọ wo ẹran tí ó là lánàá, ní ọjọ́ tí ó bá sì dé abẹ́ igi ní abúlé, tí ó bá ewúrẹ́ opó nílẹ̀, àwọn ewúrẹ́ tí ó ti kọ́ ọ yóò wà nínú ọwọ́ rẹ̀. Ìyẹn ni ọmọ ẹran àgbàsìn tí a ó pín. Bí ewúrẹ́ opó bá dìde, tí ọmọ rẹ̀ sì ń mu ọmú, alágbàsìn ti jíṣẹ́.